Ọ̀gá Tí Kò Gbẹ́gi: Ìtàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìtàn fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí mi. Ó ti di máníjà ní iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó. Ó ní, "Prof, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Àwọn ọ̀gá àgbà níbi iṣẹ́ wa ti pàṣẹ pé kí máníjà kọ̀ọ̀kan mú òṣìṣẹ́ tuntun méjì, kó máa tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, mo sì ti kọ ọ́ kún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, sà, mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíràn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí nítorí fọ́ọ̀mù yẹn. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn rẹ̀ tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lọ́kàn. Èmi náà ti jẹ́ ọ̀gá rí, ẹ ó sì gbọ́ bí mo ṣe ṣe é tó bá yá. Èmi kì í ṣe onímọ̀ nípa ìṣàkóso iléeṣẹ́, òpìtàn ni mí. Bí ẹ bá bi òpìtàn ní irú ìbéèrè yìí, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó wo ẹ̀yìn wò: ta ló ti bá irú rẹ̀ pàdé rí, níbo ni, kí ló sì ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà "ọ̀gá" wò. Ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, ní ilé ahunṣọ, lọ́dọ̀ agbẹ́gilére, ọ̀gá ni ẹni tó mọ iṣẹ́, tí ọmọ ẹlòmíràn sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ọmọṣẹ́ níwájú rẹ, ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ lè ni ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní ọ̀gá. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á dá ọdún, ọmọ á jókòó ti iṣẹ́, tó bá sì mọ̀ ọ́n tán, ọ̀gá á tú u sílẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn, àwọn tí à ń pè ní ayẹyẹ firídọ́ọ̀mù lónìí. Ọ̀mọ̀wé Archibald Callaway, tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ìsọ̀ kéékèèké ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ní 1964. Nínú àkọlé rẹ̀ gan-an ló ti pe ètò ọmọṣẹ́ ní ètò-ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Ó rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn ìsọ̀ wọ̀nyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pátákó tàbí agogo níbẹ̀.

Nígbà tí ọ́fíìsì wá dé ńkọ́? Réluwéè dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn akọ̀wé sì ń pọ̀ sí i ní ẹ̀ka ìjọba àti ní ilé àwọn oníṣòwò Òyìnbó. A mú orúkọ náà "ọ̀gá", a fi sọrí ẹni tó jókòó sí àga ńlá tó ń buwọ́ lu fáìlì. Òun ló lè gbani síṣẹ́, òun ló lè lé ni lọ, òun ló ń kọ ìròyìn ìkọ̀kọ̀ nípa rẹ lọ́dọọdún. Bóyá ó kọ́ ọ ní nǹkan kan o, bóyá kò kọ́ ọ o, ọ̀gá náà ṣì ni. Èrò tèmi ni pé a gbé orúkọ lọ sí ọ́fíìsì, a gbàgbé ẹ̀kọ́ sí ìsọ̀. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín ní Èkó báyìí, ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbàgbé yẹn ni wọ́n ń wá.

Ìtàn tó wá sí mi lọ́kàn wáyé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi yóò rántí pé mo máa ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, nítorí ìtàn ẹ̀sìn ni mo fi ń dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó rí i pé ìtàn iṣẹ́ ni.

Ní 1947, àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Society of African Missions dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wá di alákòóso rẹ̀ ni Fádà Kevin Carroll, ọmọ Liverpool, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí iṣẹ́ ọnà Yorùbá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ronú bí èyí ṣe ṣàjèjì tó nígbà náà. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì tó ti ṣáájú, yálà ti Kátólíìkì tàbí ti ìjọ mìíràn, ère onígi kò yàtọ̀ sí òrìṣà lójú wọn, kí á gbé e sọnù ló tọ́. Ère tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Wàyí, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan náà ń wá agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà, láti ṣe ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ àlùfáà, àgbélébùú, àti àwọn ère ìbí Jésù.

Ẹ fi ara yín sí ipò ọkùnrin yìí ná. Wọ́n ní kó máa ṣàkóso iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe. Kò lè gba àáké lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó ní, "Bó o ṣe máa gbẹ́ ẹ nìyí." Bí a bá mú un wá sí ọ́fíìsì òde òní, òun ni máníjà tí wọ́n gbé wá láti ẹ̀ka mìíràn, tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Mo ti rí irú wọn. Àwọn kan á díbọ́n pé àwọn mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn á fi ìjókòó ìpàdé dí àlàfo náà.

Carroll wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní Òsí, ìlú Èkìtì tó bọ́ sí abẹ́ Ìlọrin, àgbà agbẹ́gilére kan wà tí wọ́n ń pè ní Arẹ́ógún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kùn ààfin àti agbárí ẹ̀pà tó ga fíofío, wà ní ilé-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun títí dòní. Ọmọ rẹ̀ ni Bándélé, òun náà sì ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀. Bándélé ni Carroll mú wá sí Ọ̀yẹ́. Nígbà tó di 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún dé láti wá kọ́ṣẹ́. Làmídì Fákẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀.

Níbí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀. Làmídì kì í ṣe ẹni tí kò mọ igi yàtọ̀ sí irin. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Baba rẹ̀ ń gbẹ́gi, àwọn tó bí baba rẹ̀ náà gbẹ́gi, òun pàápàá sì ti ń gbẹ́ láti kékeré. Síbẹ̀ ó tún padà di ọmọṣẹ́, bí ọdún mẹ́ta, lábẹ́ Bándélé. Ohun tí Carroll ṣe fún un kò ju pé ó fi í sọ́dọ̀ ẹni tó lè kọ́ ọ, ó sì wá iṣẹ́ gidi tí àwọn méjèèjì á jọ máa ṣe. Mo ní iṣẹ́ gidi. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń gbẹ́, ẹnu ọ̀nà ló ń lọ. Ère tí wọ́n ń gbẹ́, àwọn ènìyàn ń dúró dè é. Kò sí ẹni tó gé igi sọnù fún ìdánrawò lásán, tí wọ́n á sì fi máàkì sí i.

Ohun kejì ni ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Carroll á sọ ìtàn inú Bíbélì tó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́, ṣùgbọ́n bí ère náà ṣe máa rí, ọwọ́ agbẹ́gilére ló wà. Kò ní kí wọ́n da ère ilẹ̀ Yúróòpù kọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ fi wọ aṣọ àti adé bí ọba Yorùbá. Ó sì mọ̀ pé àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ kì í ṣe Kátólíìkì gbogbo wọn. Mùsùlùmí ni Làmídì, Alhaji ló sì kú sí. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀sìn dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Nígbà tí Carroll kọ ìwé rẹ̀, *Yoruba Religious Carving*, ní 1967, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún òrìṣà àti èyí tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì ló kó pọ̀ sínú ìwé kan náà.

Inú ìwé yẹn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ kí máníjà mi ní Èkó rí. Carroll jókòó ti àwọn agbẹ́gilére, ó sì kọ orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe ìpele iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé: àáké ni wọ́n fi ń gé ìtì igi títí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yọ jáde ní gbùǹgbù-gbuǹgbu. Èkejì ni àlétúnlé: wọ́n á pín àwọn gbùǹgbù yẹn sí wẹ́wẹ́, ojú á yọ, etí á yọ, ìka ọwọ́ á yọ. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú gbogbo ara ère náà dán. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, ìyẹn ni fífi ọ̀bẹ mímú fín irun dídì, ilà ojú, àti ọnà ara aṣọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Iṣẹ́ tí ó ní orúkọ ìpele ṣeé kọ́ni. Ọ̀gá lè sọ fún ọmọṣẹ́ pé, "Lílé rẹ ló wọ́, padà síbẹ̀," ọmọ á sì mọ ibi tí wọ́n ń bá a wí sí. Bí orí ère bá ti wọ́ láti ìgbà lílé, kò sí bí o ṣe lè fín irun rẹ̀ tó tí á fi tọ́. Ọmọṣẹ́ tó ń kánjú ló máa ń fẹ́ràn fínfín, torí pé ibẹ̀ ni ojú ti ń rí ẹwà.

Ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ wa kò ní orúkọ ìpele. Ọ̀gá á ní, "Lọ kọ ìròyìn yẹn wá lọ́jọ́ Jimọ̀." Ọmọ á lọ kọ ọ́. Ọ̀gá á mú báírò pupa, á máa gé kọ́mà, á máa tún sípẹ́lì ṣe, á ní "Tún un kọ" ní ìsàlẹ̀ ojú ewé. Fínfín ni ọ̀gá ń bá wí, lílé ni ìṣòro wà! Ta ló máa ka ìròyìn náà? Ìpinnu wo ló fẹ́ ṣe lẹ́yìn tó bá kà á tán? Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ni kò yẹ? Lílé ìròyìn nìyẹn, àwa ọ̀gá sì ti ń ṣe é pẹ́ débi pé a ò mọ̀ pé à ń ṣe é mọ́. Ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n, ẹnu wa kò mọ̀ ọ́n sọ. Máníjà tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, òun ò mọ̀ ọ́n kọ́ni, bóyá ohun tó ṣe é gan-an nìyẹn: kò tíì fún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ní orúkọ.

Ní Amẹ́ríkà, nígbà ogun Hitler, wọ́n bá ìṣòro kan náà pàdé lọ́nà tó burú jáì. Àwọn ọkùnrin tó mọṣẹ́ ti lọ sójú ogun, ó sì di dandan kí àwọn tí kò wọ ilé ẹ̀rọ rí máa ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti ìbọn. Láti 1940 dé 1945, ìjọba wọn ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Training Within Industry, tó kọ́ àwọn ọ̀gá inú ilé ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe lè kọ́ni níṣẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí ọ̀gá ṣe ni pé kó jókòó, kó pín iṣẹ́ tirẹ̀ sí ìpele, kó sì tọ́ka sí ibi tí ẹ̀tàn wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, kó tó pe ọmọ wá. Wọ́n tún fi yé e pé bí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n, kó wo ara rẹ̀ wò ná kó tó dá ọmọ lẹ́bi. Lẹ́yìn ogun, ètò yìí dé Japan, àwọn ilé ẹ̀rọ ibẹ̀, tó fi mọ́ Toyota, sì mú un bí ẹni mú oúnjẹ. Mi ò sọ pé wọ́n ti Ọ̀yẹ́ kọ́ ọ o. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ènìyàn níṣẹ́, ibi kan náà ni ọ̀nà á gbé e dé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìsọ̀ ayé àtijọ́ jẹ́ ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tàbí mẹkáníìkì mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọṣẹ́ á fọ abọ́, á pọnmi, á gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n, ọdún kan á ti lọ kó tó fọwọ́ kan irin iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń fi ibi tí iṣẹ́ gbé wà pamọ́ gan-an, wọ́n á rán ọmọ níṣẹ́ lọ sí ọjà lásìkò tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, torí pé ọmọṣẹ́ òní ni abánidíje ọ̀la. Owú yẹn wà ní ọ́fíìsì náà. Ṣé ẹ mọ máníjà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí fáìlì wà?

Ṣùgbọ́n nínú ohun tó dà bí ìyà, ọgbọ́n lè wà. Jean Lave, obìnrin onímọ̀ ìwà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, jókòó ti àwọn aránṣọ ní Monrovia, ní Liberia, ní àwọn ọdún 1970. Ohun tó rí ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ. Bọ́tìnnì gbígbìn àti etí aṣọ kíká ni ọmọ máa kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni rírán, aṣọ gígé ló kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí o bá gbin bọ́tìnnì tó wọ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un gbìn, aṣọ kò bàjẹ́. Bí o bá gé aṣọ oníbàárà wọ́, gbèsè dé nìyẹn. Bí ọmọ sì ti ń gbin bọ́tìnnì, gbogbo aṣọ tó ti parí ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ ti ń mọ bí aṣọ tó dára ṣe ń rí kó tó mú sísọ́ọ̀sì. Ẹni tó ṣètò irú èyí ti ronú nípa iye tí àṣìṣe ń náni. Mélòó nínú wa ló ti ronú bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì? À ń fún ọmọ tuntun ní iṣẹ́ tí kò já mọ́ nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, lọ́jọ́ kan, oníbàárà ńlá dé, a tì í síwájú, ó ṣubú, a ní kò tó tán.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tèmi dé wàyí.

Ní àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lábẹ́ mi, olùkọ́ tuntun, ọmọ tó mọ̀wé, tó sì níwà. Ó mú àpilẹ̀kọ rẹ̀ àkọ́kọ́ wá fún mi, ó dá lórí owó oníbodè lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mo kà á. Ohun tó rí nínú ìwádìí dára, ṣùgbọ́n lílé rẹ̀ kò dáa rárá: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ìparí, àríyànjiyàn rẹ̀ sì sin sábẹ́ ìtàn gígùn. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo gbé e lọ sílé. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tan àtùpà, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Gbogbo rẹ̀ pátá. Mi ò fi orúkọ ara mi sí i, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀, mo sì rò pé oore ńlá ni mo ṣe. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà." Mo ṣàkíyèsí pé inú rẹ̀ kò dùn tó bí mo ṣe rò. Mo pè é ní aláìmoore nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ náà jáde. Kò tún mú òmíràn wá fún mi mọ́. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi gba iṣẹ́ bánkì.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí á tó tún pàdé, níbi ìgbéyàwó. Ó dọ̀bálẹ̀, a jọ jókòó, a sọ̀rọ̀ ilé sọ ti oko. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé nígbà tí òun lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ìgbéga ní yunifásítì, wọ́n yin òun púpọ̀ nítorí àpilẹ̀kọ yẹn, wọ́n wá bi òun ní ìbéèrè méjì lórí bí òun ṣe gbé àríyànjiyàn rẹ̀ kalẹ̀. "Sà, mi ò rí ẹyọ kan dáhùn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi." Kò fi ṣe ẹ̀sùn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Oúnjẹ tó wà níwájú mi kò wọlé mọ́.

Nígbà tí mo tún padà ka ìwé Carroll lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mo rí ni ohun tí ọkùnrin náà kò lè ṣe. Kò lè gba àáké. Bí ère bá wọ́, kò ní agbára láti gbé e lọ sílé kó tún un gbẹ́ lóru. Ó di dandan fún un láti wò, láti béèrè, láti dúró. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ ni mo sọ ọmọ di ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ pé kí ọ̀gá máa jẹ́ aláìmọ̀ o. Bándélé mọ̀ ọ́n, òun ló sì kọ́ Làmídì. Ṣùgbọ́n ère tí Bándélé bá tọ́ka sí pé ó wọ́, ọwọ́ ọmọṣẹ́ ló ń padà sí.

Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu Ọ̀yẹ́. Wọ́n ní bí agbẹ́gilére kò bá gba ohun tó ń gbẹ́ gbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, ẹ̀mí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn Fádà ń fi ọ̀nà àtijọ́ dúró pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Àríyànjiyàn yìí gbóná dáadáa lẹ́yìn 1960, nígbà tí ilé Mbari Mbayo ní Òṣogbo ń mú irú oníṣẹ́ ọnà mìíràn jáde. Níbẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà fún àwọn bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami, kò sì sí ìpele mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n tẹ̀ lé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn kó sì yẹra. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ ti iṣẹ́ tí àṣìṣe rẹ̀ ń ná ẹlòmíràn lówó, irú iṣẹ́ adójútòfò, ti Ọ̀yẹ́ ni màá tẹ̀ lé.

Ibi iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ní 1954, wọ́n ti í pa. Ọdún méje péré. Bí a bá fi ọdún wọn iléeṣẹ́, ó kùnà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Bándélé kò dákẹ́ iṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Làmídì gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn; ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé níbẹ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, Yunifásítì Ifẹ̀ mú un wá láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní ọgbà yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ní 1987. Ní 2006, UNESCO dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣúra fún gbogbo ayé. Ó kú ní oṣù Kejìlá, 2009. Nígbà náà, àwọn ará ilé Fákẹ́yẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn mìíràn.

Èsì tí mo fi ránṣẹ́ sí máníjà mi kò gùn tó èyí. Mo ní kó gbàgbé fọ́ọ̀mù yẹn títí di oṣù tó ń bọ̀. Kó mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kó jókòó nílé lọ́jọ́ Sátidé, kó pín in sí ìpele, kó sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, èdè yòówù kó jẹ́. Kó wo ibi tí àṣìṣe kò ti ní ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ iṣẹ́ gidi. Tí ìpele kan bá sì wà tí ẹlòmíràn mọ̀ jù ú lọ níbi iṣẹ́, àní kó jẹ́ akọ̀wé tí ipò rẹ̀ kéré, kó mú àwọn ọmọ náà lọ jókòó tì í, kó má sì tijú.

Ó fún mi lésì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti pín iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹni tó ní kí wọ́n san owó ìjàǹbá ọkọ̀ fún òun sí ìpele márùn-ún, òun sì rí i pé ìpele kejì, òun ò lè ṣàlàyé bí òun ṣe ń ṣe é. Ó ní òun kàn máa ń "mọ̀" tí ẹni tó ń béèrè owó bá ń purọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló bi í pé, "Mà, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò nínú fọ́tò ọkọ̀ náà?" Ó ní òun ní láti ṣí fáìlì mẹ́fà kí òun tó rí ìdáhùn: táyà ni.

Ó tún ní ọmọ kejì ti ṣe àṣìṣe nínú ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́, ní ojú ewé kẹta, àti pé ọwọ́ ń yún òun láti tún un ṣe. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ló yẹ kí òun dúró. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti wà nírú ipò yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Jimọ̀ tó dé.